Lẹ́tà sí ẹ̀yin alága ìbílẹ̀ Èkìtì: òfin ọtí ọdún 18 yẹn, a ò tíì lò ó rí

Ẹ̀yin alága ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rìndínlógún tó wà ní ìpínlẹ̀ Èkìtì, láti Adó dé Ẹ̀fọ̀n, láti Mọ̀bà dé Ìkẹ́rẹ́, mo kí yín. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, ẹ kú làálàá.

Ọlọ́tí ni mí. Mo ní ìsọ̀ lọ́nà Ìwòròkó, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì ń gbà lọ gbà bọ̀. Ẹmu ni mo fi bẹ̀rẹ̀, bíà tẹ̀lé e, nígbà tó yá mo fi ẹran ìgbẹ́ àti pọ́nmọ́ aláta kún un. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé oníwàásù ló ń kọ̀wé sí yín. Owó ọtí ni mo fi rán ọmọ níwèé, n kò sì ní in lọ́kàn láti ti ìsọ̀ mi.

Ohun tó gbé mi dé ọ̀dọ̀ yín ni iyàn kan tí kì í tán lórí bẹ́ǹṣì mi. Àwọn ọ̀dọ́ ní òfin tó ní kéèyàn pé ọdún 18 kó tó mutí ti le jù, kí wọ́n fà á wálẹ̀ sí 16. Àlàyé wọn kò burú létí. Wọ́n ní lọ́dún 2024, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ìgbà náà fẹ́ kí ọmọ pé 18 kó tó wọ yunifásítì, ṣùgbọ́n ẹni tó gba ipò lẹ́yìn rẹ̀ dá a padà sí 16 kí ọdún náà tó parí. "Ìyá, ìjọba ní ọmọ 16 lè gba yàrá, kó máa dáná jẹ, kó máa kọ́ ìmọ̀ òfin. Kí ló dé tí kò fi lè mu ìgò bíà kan?" Bí wọ́n ṣe ń bi mí nìyẹn. Ẹnì kan á ní Jámánì ò fi bíà du ọmọ 16. Èkejì á ní Amẹ́ríkà tó jẹ́ 21 ńkọ́? Ibẹ̀ ni ariwo ti ń bẹ́, tí wọ́n á jiyàn títí tí ẹmu á fi kan mọ́ wọn níwájú.

Èrò tèmi ni pé kí wọ́n má dín in kù. Kì í ṣe pé mo rí iṣẹ́ ìyanu kankan nínú 18. A ò tíì lò ó rí ní Èkìtì ni. Òfin tí ẹnikẹ́ni ò tíì gbìyànjú rẹ̀ wò, báwo la ṣe mọ̀ pé ó le jù? Ẹ jáde lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, ẹ gba Fájuyì lọ sí Ìjìgbò ní Adó, ẹ wọ gáréèjì èyíkéyìí tó bá wù yín, kí ẹ dúró wo bí wọ́n ṣe ń ta ọtí. Bí ẹ bá rí ọlọ́tí kan tó bi oníbàárà pé "ọmọ ọdún mélòó ni ọ́?", ẹ wá bá mi, ìgò tí ẹ bá mu lọ́jọ́ náà, ọ̀fẹ́ ni.

Ẹ lè ní, "Kí ló kàn wá níbẹ̀? Ṣé àwa là ń ṣòfin ọjọ́ orí ni?" Ẹ̀yin kọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí Ìwé Òfin Nàìjíríà ti 1999, ẹ lọ sí Àtẹ Kẹrin níbi tí wọ́n ka iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ sí. Ẹ óò rí itẹ́ òkú níbẹ̀, ẹ óò rí ilé ìpẹran, ọjà àti gáréèjì. Ẹ óò tún rí i pé fífúnni ní láísẹ́ńsì ọtí àti ṣíṣàkóso títà rẹ̀, iṣẹ́ yín ni. Nígbà tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ ní oṣù Keje 2024 pé kí owó ìbílẹ̀ máa dé ọwọ́ ìbílẹ̀ tààrà, inú yín dùn, inú tiwa náà dùn. Agbára orí ọtí yìí kò dúró de ilé ẹjọ́ kankan ní tirẹ̀. Ó ti wà lọ́wọ́ àwọn tó ṣáájú yín kí ẹ tó débẹ̀.

Báwo la ṣe ń lò ó? Lọ́dọọdún, àwọn agbowó máa ń wá. N kò ní dárúkọ ìjọba ìbílẹ̀ tó ń rán wọn, n kò sì rò pé tiwọn burú ju ti ibòmíràn lọ. Wọ́n á jókòó, wọ́n á ní kí n fún àwọn lómi (ẹlòmíràn nínú wọn á ní kí n fi ẹmu ṣe é), wọ́n á ka tábìlì, wọ́n á yọjú wo fíríìjì, wọ́n á dárúkọ iye kan tí ẹ̀rín á fi pa mí. A ó ná an. Mo sanwó, wọ́n já ìwé fún mi, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàlẹ́ńdà ìjọ wa. Mo ti ka ìwé náà látòkè délẹ̀: orúkọ ìsọ̀, iye owó, ọjọ́ tó máa kú, òǹtẹ̀, ìbuwọ́lù kan tó lọ́ kọ́rọkọ̀rọ. Kò síbi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé n kò gbọdọ̀ ta ọtí fún ẹni tí kò tíì pé 18. Wọ́n ti bi mí léèrè owó ìdọ̀tí. Wọ́n ti bi mí léèrè owó pátákó tí mo gbé síta, wọ́n tún bi mí léèrè owó orin tí mo ń yí. Wọn ò bi mí rí nípa ọmọ ta ló jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

Ìdí nìyẹn tí n fi ní a ò tíì lò ó rí.

Ẹ jẹ́ n sọ ti Amẹ́ríkà díẹ̀, torí òun ni àwọn ọmọ yìí ń fà yọ jù. Ní 1971 ni wọ́n fún ọmọ ọdún 18 lẹ́tọ̀ọ́ ìbò lọ́hùn-ún, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ wọn sì fa ọjọ́ orí ọtí wálẹ̀ láàárín ọdún mélòó kan, àwọn kan sí 18, àwọn kan sí 19. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwọn ọ̀dọ́. Ní 1980, obìnrin kan tó ń jẹ́ Candy Lightner dá ẹgbẹ́ àwọn ìyá sílẹ̀ lẹ́yìn tí awakọ̀ kan tó ti mutí yó pa ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ ọdún 13. Ní 1984, Ààrẹ Reagan fọwọ́ sí òfin tó gbé ọjọ́ orí náà dé 21. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ni mo fẹ́ kí ẹ wò. Ìjọba àpapọ̀ wọn ò rán ọlọ́pàá sí ilé ọtí kankan. Wọ́n ní ìpínlẹ̀ tó bá fàyè gba ẹni tí kò tíì pé 21 láti ra ọtí máa pàdánù nínú owó ọ̀nà tí wọ́n ń fún un, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ìdá mẹ́wàá. Kí 1988 tó parí, gbogbo wọn ti gbà, Wyoming ló kẹ́yìn. Owó ni wọ́n dì mú. Ẹ̀yin ẹ di láísẹ́ńsì mú.

Ti Jámánì náà, òótọ́ ni pé ọmọ 16 lè ra bíà àti wáìnì níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọtí líle di 18, ẹni tó ń tà á sì lè ní kí ọmọ yọ káàdì ìdánimọ̀ kí òun rí i. Apá kejì yìí kì í dé ẹnu àwọn oníyàn mi. Ká tiẹ̀ gbé òfin Jámánì wá sí Èkìtì lówùúrọ̀ ọ̀la, ọtí inú ọ̀rá tí ọmọ 16 ń fà níhìn-ín ò ní tọ́ sí i síbẹ̀.

Nìú Sílándì ló yẹ kí wọ́n máa rántí. Ní oṣù Kejìlá 1999, wọ́n fa tiwọn wálẹ̀ láti 20 sí 18. Àwọn olùwádìí wo ìwé ilé ìwòsàn àti ti ìjàm̀bá ọkọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sì rí i pé ìjàm̀bá tó ń kan àwọn ọmọ ọdún 18 àti 19 pọ̀ sí i ní ìfiwéra pẹ̀lú àwọn ẹ̀gbọ́n wọn. Èyí tó bà mí lẹ́rù jù ni pé ó ran àwọn ọmọ ọdún 15 sí 17 pẹ̀lú, àwọn tí òfin tuntun náà ò tiẹ̀ fún ní nǹkan kan. Èyí ò ṣòro yé ẹni tó ń tajà. Ọmọ 18 ló máa ń ra ọtí fún àbúrò rẹ̀ ọmọ 16. Bí 16 bá ti lè rà á, ọmọ 14 ló kàn.

Mo mọ ohun tí àwọn àgbà kan máa sọ. Wọ́n á ní, "Ṣebí àwa náà mu ẹmu ní kékeré, kí ló ṣe wá?" Mo mu ún. Adẹ́mu ni bàbá mi. Kí oòrùn tó yọ ló ti máa ń ti orí ọ̀pẹ sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú okùn lọ́rùn, kèrègbè á máa hó ní ìbàdí rẹ̀. Ó máa ń bu díẹ̀ sínú ahá kékeré fún àwa ọmọ, ìfófòó rẹ̀ á gun imú wa, adùn rẹ̀ bíi ti ìrèké. Ẹmu àárọ̀ nìyẹn, ìwúkàrà inú rẹ̀ kò tíì ráyè ṣiṣẹ́ púpọ̀. Bí oòrùn bá ti kàntàrí, bàbá mi ò jẹ́ kí ọmọ kankan fọwọ́ kan agbè yẹn mọ́, torí ó mọ̀ pé bí ẹmu bá ṣe ń pẹ́ ló ń le. Kò sẹ́ni tó fi òfin ìjọba hàn án. Ṣùgbọ́n ó mọ wákàtí tí ọtí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ di ọtí àgbà, ojú rẹ̀ sì wà lára wa.

Ẹ wá fi ìyẹn wé ọ̀rá. Gíìnì inú ọ̀rá kékeré yẹn lè má ju mílílítà 30 lọ, ṣùgbọ́n ó lè dé ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún ní agbára. Ọmọ tó bá fa mẹ́ta, agbára ọtí tó ti wọ inú rẹ̀ ti ju ti ìgò bíà ńlá kan lọ, kò sì ní gbà á ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Owó àkàrà lásán tó láti fi rà á. Ní gáréèjì, ẹ óò rí i bí àwọn aláparaga ṣe so ó rọ̀ lẹ́sẹẹsẹ lókè tábìlì, ọ̀kan tẹ̀ lé ọ̀kan, pẹ̀lú ìgò egbòogi tí omi rẹ̀ ti dúdú nísàlẹ̀. Ọmọ á já méjì, á fi eyín gé etí rẹ̀, á fún un sẹ́nu, á sọ ọ̀rá rẹ̀ sílẹ̀, ó ti parí. Wọ́n kọ 18+ sára rẹ̀ lóòótọ́, lẹ́tà rẹ̀ kéré bí ẹsẹ̀ èèrà. Ahá ẹmu kò lè wọ àpò ṣòkòtò yunifọ́ọ̀mù. Ọ̀rá wọ̀ ọ́ dáadáa.

Àjọ NAFDAC tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ti rí i. Ní 2018 ni àwọn àti àwọn tó ń ṣe ọtí yìí fọwọ́ sí àdéhùn pé àwọn yóò fi í sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ní oṣù Kìíní 2022, wọn ò forúkọ èyí tuntun sílẹ̀ mọ́. Ní oṣù Kejì 2024, wọ́n ní ó tán, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ti ibi iṣẹ́. Àwọn oníléeṣẹ́ figbe ta, àwọn òṣìṣẹ́ jáde, ilé ìgbìmọ̀ aṣojú dá sí i, wọ́n sì sún un síwájú di òpin 2025. N kò bá àwọn òṣìṣẹ́ yẹn jà, ebi ò mọ NAFDAC. Ohun tí mo rí nínú rẹ̀ ni pé bí a bá ń dúró de Àbújá, a ó dúró pẹ́. Tábìlì aláparaga tó wà lẹ́nu géètì ilé ìwé ní Ìkọ̀lé tàbí ní Ọ̀yẹ́ kì í ṣe ti Àbújá. Lórí ilẹ̀ yín ló wà.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn tó fẹ́ kí wọ́n dín in kù ń sọ tí mo bọ̀wọ̀ fún. Wọ́n ní bí òfin bá le, ọmọ á sá lọ mu ún níbi tí àgbà ò sí. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọdé lásán. Ní 2008, àwọn olórí yunifásítì tó lé ní ọgọ́rùn-ún ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìwé pé kí wọ́n tún 21 yẹn gbé yẹ̀ wò, torí pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń ti ara wọn mọ́ yàrá, wọ́n ń mutí àmupara. Níhìn-ín náà, ọtí ìkọ̀kọ̀ léwu. Ẹ ò ní tíì gbàgbé Òde-Ìrèlè, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó tí wọ́n ti gé wa kúrò. Ní oṣù Kẹrin 2015, ojú àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ níbẹ̀ lójijì, wọ́n sì ń kú. Àwọn kan kọ́kọ́ ní òrìṣà ìlú ló bínú. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò tán, mẹ́táánọ́ọ̀lù inú ògógóró ni wọ́n rí. Ó lé ní èèyàn mẹ́wàá tó bá a lọ. Mi ò fẹ́ kí ọmọ ẹnikẹ́ni máa wá ọtí kiri lẹ́yìn ilé.

Àmọ́ ẹ wò ó dáadáa. Àwọn ọmọ Amẹ́ríkà ń sá pamọ́ nítorí pé ẹnì kan ń lé wọn. Ta ló ń lé tiwa? Gbangba gbàǹgbà ni wọ́n ń mu ún, ní ọ̀sán, nínú aṣọ ilé ìwé nígbà mìíràn. Bí a bá sọ ọ́ di 16, kò sí èyí tó máa jáde láti ibi ìkọ̀kọ̀ wá jókòó síwájú àgbà, torí kò sẹ́ni tó wà níbi ìkọ̀kọ̀. Ohun kan ṣoṣo tó máa yí padà ni pé èmi ọlọ́tí ò ní ní ìdí kankan mọ́ láti lé ọmọ 16 padà, òfin á sì ti bọ́ lọ́wọ́ òbí tó ń jà.

Ẹ sì má jẹ́ kí ọlọ́tí kankan tàn yín pé kò sí bí òun ṣe lè mọ ọjọ́ orí. Láti 2021 ni JAMB ti ní kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìdánwò àṣewọ yunifásítì ní NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ Nàìjíríà. Gbogbo ọmọ tó ń kàwé ní Ìwòròkó, ní Ọ̀yẹ́, ní Ìkọ̀lé ló ní nọ́ńbà yìí, ọjọ́ ìbí rẹ̀ sì wà nínú fóònù rẹ̀ tàbí lórí bébà tó ká sínú àpò. Mo máa ń béèrè rẹ̀. Àwọn kan á bínú, wọ́n á kọjá sí ìsọ̀ kejì, owó mi á sì bá wọn lọ. Ibẹ̀ ló ti ń dùn mí. Ọlọ́tí tó bá fẹ́ tẹ̀lé òfin ló ń pàdánù, nígbà tí ìwé láísẹ́ńsì tí a jọ lẹ̀ mọ́ ògiri jẹ́ ọ̀kan náà.

Ti àwọn tí bàbá wọn ń rán níṣẹ́, ìyẹn ló ṣòro jù, n kò sì ní purọ́ pé ó rọrùn. "Bàbá mi ní kí ẹ fún mi ní bíà méjì." Ní ilẹ̀ wa, ọmọ tó ń jẹ́ iṣẹ́ ọmọ gidi ni. Bí mo bá lé e padà, bàbá á ní mo rí òun fín. Ohun tí mo ń ṣe ni pé mo ń gba nọ́ńbà bàbá, mo ń pè é, mo ń sọ fún un pé ọmọ ti dé padà lọ́wọ́ òfo, kí ó fara rẹ̀ wá, mo ti fi bíà rẹ̀ sínú omi yìnyín. Wọ́n máa ń wá. Ẹnì kan bú mi títí, ó sì ra mẹ́ta.

Kí ni mo wá fẹ́ lọ́wọ́ yín? Ẹ kọ ọ́ sínú láísẹ́ńsì, ní lẹ́tà gàdàgbà, pé ẹni tó bá ta ọtí fún ọmọ tí kò tíì pé 18 máa pàdánù ìwé náà. Ìwé ni kí ẹ gbà, ẹ má sọ pé owó ìtanràn. Gbogbo wa la mọ ọ̀nà tí owó ìtanràn ń gbà wọ àpò ẹlòmíràn, bí ẹ bá sì sọ ọ́ di owó, ẹ ti dá iṣẹ́ tuntun sílẹ̀ fáwọn agbowó nìyẹn. Ẹ fa àwọn aláparaga wọlé pẹ̀lú, ẹ fún wọn ní láísẹ́ńsì olówó pọ́ọ́kú. Ìyá àgbà ni ọ̀pọ̀ wọn, opó ni ẹlòmíràn, ẹ má rán àwọn jàǹdùkú sí wọn láti da igbá wọn nù. Ṣùgbọ́n ẹ yà wọ́n kúrò lẹ́nu géètì ilé ìwé àti nínú gáréèjì. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ti ń pariwo ti gáréèjì yìí tipẹ́, awakọ̀ tó ń gbé wa lọ sí Àkúrẹ́ ń mu níbẹ̀ kó tó ṣíná.

Lẹ́yìn ọdún méjì tí ẹ bá ti ṣe é, tí a ti rí i bó ṣe rí, kí àwọn oníyàn mi wá padà sọ fún yín pé 18 le jù. Nígbà náà mo máa jókòó tẹ́tí sí wọn, wọ́n sì lè fi ẹjọ́ mi kún un.

Láísẹ́ńsì tèmi máa kú ní òpin ọdún. Bí àwọn agbowó yín bá ń bọ̀ ní oṣù Kìíní, kí wọ́n mú èyí tí wọ́n kọ 18 sí wá. Ní tèmi, ìsọ̀ mi ni kí wọ́n ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ìyá Ẹlẹ́mu,
Ọ̀nà Ìwòròkó, Adó-Èkìtì.